Ẹ́ńjìnnì ló ń gba ọpẹ́, ṣéènì ló ń jìyà: ohun tí òkè Sheffield kọ́ mi nípa kẹ̀kẹ́ oníbátìrì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló sọ fún wa pé kẹ̀kẹ́ tó bá ti ní bátìrì ò nílò jíà mọ́? Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà á gbọ́ o. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi já sí méjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí adìẹ tójò pa.

Sheffield ni mò ń gbé, lápá àríwá ilẹ̀ England. Ìlú irin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tipẹ́tipẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti ṣíbí tó lọ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin nìkan ló wà níbẹ̀, òkè náà pọ̀ jọjọ. Ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta: bó o bá ti jáde nílé, àfi kó o gun òkè tàbí kó o sọ̀ kalẹ̀. Ilé mi ò jìnnà sí òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Jenkin Road. Lọ́dún 2014, nígbà tí ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France gba England kọjá, òpópónà yìí ni wọ́n mú àwọn eléré náà gùn kí wọ́n tó parí ìrìn ọjọ́ kejì ní Sheffield. Níbi tó ti le jù, bí ìgbà téèyàn ń gòkè mítà 33 láàárín mítà 100 ló rí. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, aago méje àárọ̀ sì ni ṣíìfù mi ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò lówó mọ́tò, owó inṣọ́ránsì rẹ̀ gan-an ń dẹ́rù bà mí. Ni mo bá ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì àlòkù, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè: táyà rẹ̀ nípọn, ó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kékeré rẹ̀ sì wà láàárín, níbi tí pẹ́dà méjèèjì ti so pọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agbára tí wọ́n kọ sára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju wáàtì 250 lọ, bí eré bá sì ti kọjá máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ ìrànlọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ tó bá wà nínú ìlànà yẹn kò gba láísíǹsì, kò gba inṣọ́ránsì. Ẹ ò rí i pé ó bá tálákà mu?

Láàárín ọ̀sẹ̀, mò ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di Sátidé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi á gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Peak District, nínú igbó Lady Canning's tó wà lókè ìlú, a ó máa fò lórí òkúta bí ọmọdé. Mo gbádùn ayé mi, ẹ ò lè mọ̀.

Àmọ́ báwo ni mo ṣe ń wà á? Bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ tó le jù ni mo máa ń tẹ̀, látilé dé ibi iṣẹ́. Jíà 12 ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà. Èyí tó kéré jù ní eyín 10, èyí tó tóbi jù ní eyín 51. Àwọn mẹ́ta tó kéré jù nìkan ni mò ń lò, torí àwọn ló ń mú kẹ̀kẹ́ sáré. Mo bá fi wọ́n gun gbogbo òkè tí kò le jù. Ẹ́ńjìnnì ń gbé mi, ẹsẹ̀ ò dùn mí, kí ni mo fẹ́ fi jíà kékeré-ńlá ṣe?

Ọjọ́ tí ṣéènì já

Ọjọ́ Ajé yẹn, mo ti pẹ́ díẹ̀. Mo fi jíà líle wọ Jenkin Road pẹ̀lú eré. Nígbà tí mo dé ibi tó le, pẹ́dà ò yí mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, èmi náà dìde dúró lórí pẹ́dà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ bọ́tìnnì jíà lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra kó lè rọ̀. Mo gbọ́ “kẹ́ẹ́!” Ẹsẹ̀ mi lọ lófìfo, orúnkún mi fojú kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ṣéènì ti nà sórí títì bí ejò.

Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 50 ni mo fi pẹ́. Obìnrin tó ṣiṣẹ́ mọ́jú kò lè fi àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ láìsí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọ méjì tó yẹ kó mú lọ síléèwé. Kò bú mi. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀, ó wò mí, ó jáde. Ìwò yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ mọ ohun tí ìwé ìkìlọ̀ jẹ́ fún ẹni tí físà rẹ̀ so mọ́ iṣẹ́. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Mo ra ṣéènì tuntun, pọ́ùn 25. Mo wo fídíò, mo fọwọ́ ara mi so ó. Mo rò pé ó ti parí. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe tẹ pẹ́dà láti kúrò níbi iná títì, ṣéènì fò lórí eyín, “krá-krá-krá!” Pẹ́dà yọ́ lẹ́sẹ̀ mi, ó sì gé mi ní ojúgun. Ṣéènì tuntun o! Mo ní àwọn tó tà á ti lù mí ní jìbìtì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe bàbá mi ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kadà ni bàbá mi fi tọ́ wa.

“Ẹ káalẹ́ o, bàbá mi.”

“Àkànní, o ò dún bí ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ṣé kò sí?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ṣéènì tuntun lo gbé sórí sipirọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ṣó o ti gbàgbé ni? Ìgbà wo lo rí mi tí mo ra ṣéènì nìkan fún ọ̀kadà tó ti jẹ tán? Ṣebí pa pọ̀ ni wọ́n ń tà wọ́n. Jíà wo lo tiẹ̀ fi gun òkè ọ̀hún?”

“Ẹ́ńjìnnì ló ń gùn ún, bàbá. Kì í ṣèmi.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀kadà tèmi náà ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mi ò fi jíà mẹ́rin gun òkè Ìtókò rí. Kí ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà? Àbí afẹ́fẹ́ ni?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kí ló ń jẹ ṣéènì?

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa. Kò tíì bi mí ní nǹkan kan tó fi mú irin pẹlẹbẹ kékeré kan, tó ń kì í bọ inú ṣéènì àtijọ́ tí mo kó dání. Irin náà wọlé wọ̀ọ̀. Ó ní ṣéènì yìí ti kú kó tó já.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ṣéènì “fà.” Irin kì í fà bíi rọ́bà o. Nínú oríkèé ṣéènì kọ̀ọ̀kan, ìṣó kékeré kan wà tó ń yí nínú ihò rẹ̀. Bó ṣe ń yí lábẹ́ ẹrù, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀: ìṣó ń tín-ín-rín sí i, ihò ń fẹ̀ sí i. Láti ìṣó kan sí èkejì, mílímítà 12.7 ló yẹ kó jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ka irú àlàfo bẹ́ẹ̀ 24, mílímítà 304.8 ni. Lórí kẹ̀kẹ́ oníjíà 11 tàbí 12, tí gígùn yẹn bá ti fi mílímítà kan ààbọ̀ lé sí i, ìyẹn ìdá 0.5 nínú 100, ẹ yáa pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí jíà rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀, tí ṣéènì rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, lè dúró di 0.75. Tèmi ti kọjá ìdá kan gbáko.

Kí ló burú nínú mílímítà kan ààbọ̀? Ohun tó burú ni pé ṣéènì tó ti gùn kì í jókòó dáadáa sí ìsàlẹ̀ eyín mọ́. Ó ń gun eyín náà, ó ń fà á, ó ń gbẹ́ ẹ, títí eyín á fi ṣe ṣọnṣọ bí eyín ayùn. Eyín tó ti gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bá ṣéènì àtijọ́ mọwọ́ ara wọn. Tẹ́ ẹ bá gbé ṣéènì tuntun tí oríkèé rẹ̀ ṣì pé sórí rẹ̀, wọn ò ní bára mu. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń fò. Àwọn tó ta ṣéènì ò lù mí ní jìbìtì rárá, èmi ni mo lu ara mi.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Tí èèyàn bá rọra ń wa kẹ̀kẹ́, tó ń fi ẹsẹ̀ mú wáàtì 100 jáde, tí pẹ́dà ń yí ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó fi ń yí irin pẹ́dà kò ju nǹkan bíi newton-metre 14 lọ. Ẹ́ńjìnnì Bosch Performance Line CX, tó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ orí òkè, lè fi tó 85 yí i láti ọdún 2020. Ìlọ́po mẹ́fà nìyẹn, a ò sì tíì ka ti ẹsẹ̀ ẹni tó ń wà á mọ́ ọn. Torí pé àárín kẹ̀kẹ́ ni ẹ́ńjìnnì wà, gbogbo rẹ̀ ló ń gba orí ṣéènì kan ṣoṣo dé táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ọ̀hún kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ tí kò ní bátìrì.

Ọwọ́ wa ni jíà wà

Ibí yìí ni jíà ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ká ní ẹ̀ ń gun òkè kan pẹ̀lú jíà tó rọ̀, tí pẹ́dà ń yí ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ká wá ní ẹ gun òkè kan náà, pẹ̀lú eré kan náà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ lo jíà líle, tí pẹ́dà ń yí ìgbà 40 péré. Eré ò yàtọ̀, agbára tó gbé yín gòkè ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni ohun tó ń fa ṣéènì nígbà kejì. Ẹ́ńjìnnì náà kì í fẹ́ kí pẹ́dà máa wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbóná, bátìrì á sì tètè lọ.

Ohun kejì ni iye eyín tó ń gbé ẹrù. Bí ìdajì jíà ẹ̀yìn ni ṣéènì máa ń wé mọ́. Lórí jíà eyín 10, eyín márùn-ún péré ló ń dí i mú. Lórí èyí tó ní 51, wọ́n lé ní 20. Ẹ fi wé ìtì igi tí èèyàn márùn-ún gbé, àti èyí tí ogún èèyàn gbé. Bẹ́ẹ̀, èmi ló jẹ́ pé àwọn jíà kékeré yẹn nìkan ni mò ń fìyà jẹ láti ọdún tó kọjá. Obìnrin yẹn fi hàn mí: àwọn jíà ńlá ṣì ń dán bíi tuntun, àwọn mẹ́ta tó kéré jù ti jẹ tán.

Ẹ̀kẹta ni àsìkò téèyàn ń yí jíà. Nígbà tí ṣéènì ń kúrò lórí jíà kan bọ́ sí òmíràn, ó máa ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ́ńjìnnì àti èèyàn bá jọ ń fà á tagbáratagbára nígbà yẹn, ibẹ̀ ni oríkèé ti máa ń ṣí. Ohun tí mo ṣe lórí Jenkin Road gẹ́lẹ́ nìyẹn, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ẹ wá fi ẹrọ̀fọ̀ kún un. Òkúta gritstone ló pọ̀ lápá ibi tí à ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, yanrìn rẹ̀ le gan-an. Tó bá pò mọ́ ọ́ìlì ara ṣéènì, ó ń ṣiṣẹ́ bíi pépà tí káfíńtà fi ń ha igi. Mo máa ń darí dé, mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ sínú ṣẹ́ẹ̀dì bó ṣe rí, tó bá di ọjọ́ Ajé mo tún gùn ún.

Àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ mọ̀ nípa ìṣòro yìí. Lọ́dún 2016, ilé-iṣẹ́ SRAM gbé EX1 jáde fún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì: jíà mẹ́jọ péré, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì gbà kéèyàn fò ju jíà kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 2021, Shimano gbé Linkglide jáde, eyín rẹ̀ nípọn sí i, wọ́n sì sọ pé ó ń pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta ju tàtijọ́ wọn lọ. Lọ́dún 2023, Pinion ní Jámánì kó ẹ́ńjìnnì àti jíà sínú àpótí kan náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, kò sí irin tó máa gba ẹni tó bá ń fi jíà líle gun òkè lójoojúmọ́. Ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ kó tó jẹ ni.

Àwọn tó ní kí n jẹ́ kó kú

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ sórí òkè, ọ̀kan nínú wọn ní mò ń yọ ara mi lẹ́nu. Ó ní òun kì í wọn ṣéènì. Òun á máa gùn ún títí gbogbo rẹ̀ á fi kú pa pọ̀, òun á wá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n nínú. Tí kẹ̀kẹ́ bá ti gbó, tí jíà rẹ̀ ò wọ́n, téèyàn sì ń fi ṣeré lọ́jọ́ Sátidé nìkan, ó lè jẹ́ òun ló rí i ṣe.

Ṣùgbọ́n owó tèmi rèé: ṣéènì pọ́ùn 25, gbogbo jíà ẹ̀yìn pọ́ùn 70, jíà iwájú pọ́ùn 30, owó iṣẹ́ pọ́ùn 40. Pọ́ùn 165 lápapọ̀. Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi ránṣẹ́ fún àbúrò mi ni. Ká ní mo ti wọn ṣéènì nígbà tó yẹ, ká ní mo sì ti ń yí jíà bó ṣe yẹ, pọ́ùn 25 péré ni ǹ bá ná, jíà yẹn á ṣì lo ṣéènì méjì tàbí mẹ́ta sí i. Yàtọ̀ sówó, ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń já lọ́jọ́ Sátidé á fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí tirẹ̀ já lọ́jọ́ Ajé, tí ẹlòmíì ń dúró dè é, kò lè rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí kò le. Kí n tó dé ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń yí jíà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, máa sì dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ṣéènì lè kọjá wọ́ọ́rọ́. Tí mo bá fẹ́ dúró níbi iná títì, máa ti fi sí jíà tó rọ̀ kí n tó dúró, torí ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń gbéra ni ẹ́ńjìnnì ń fa ṣéènì jù. Mo ń jẹ́ kí pẹ́dà yí ní nǹkan bí ìgbà 70 sí 90 ní ìṣẹ́jú kan. Ìrànlọ́wọ́ tó le jù, ibi tó le gan-an nìkan ni mò ń lò ó fún. Tí mo bá ti òkè dé, máa fi àkísà nu ṣéènì, máa fi ọ́ìlì díẹ̀ sí i, máa nu èyí tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ kúrò. Mo ra irin ìwọ̀n yẹn náà. Oṣooṣù ni mò ń fi wọn ṣéènì, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ní Cotonou àti Lomé, ọ̀kadà oníbátìrì ilé-iṣẹ́ Spiro ti wà lójú títì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tàbí ọ̀kadà oníbátìrì, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ṣé inú táyà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, àbí ṣéènì ló ń gbé agbára rẹ̀? Tó bá wà nínú táyà, ṣéènì yín ò ní bá ẹ́ńjìnnì ru ẹrù. Tó bá jẹ́ pé ṣéènì ló ń gbé e, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta ṣéènì àti sipirọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé kò sí ìnáwó kankan mọ́ lẹ́yìn owó iná. Ẹ má gbà á gbọ́.

Mo ṣì ń gba Jenkin Road lọ síbi iṣẹ́. Jíà ńlá ni mo ń fi gùn ún báyìí, ẹsẹ̀ mi ń yí kíákíá, kẹ̀kẹ́ ń lọ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ní bátìrì, mo tún ń wa kẹ̀kẹ́ bí arúgbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti dé. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú á kí mi, á gbé báàgì rẹ̀, á lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síléèwé.

Lálẹ́ òní, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ wọn ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín.